Òfin, Ìlànà àti Ẹ̀rọ POS: Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Ìgbàmúlò Ẹ̀rọ Onínọ́ńbà nínú Òwò Kékeré ní Ìyárà

0. Ìfáárà

Ìyárà ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìjùmú ní Ìpínlẹ̀ Kogí, ní ilẹ̀ àwọn Yorùbá tí a fi kíkí wọn pè ní Ọ̀kun. Iṣẹ́ àgbẹ̀ àti òwò kékeré ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe ní agbègbè náà. Ní àtijọ́, owó bébà nìkan ni ó ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn nínú irú ọjà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ tọ́jú díẹ̀ pa mọ́ a fi lé alájọ lọ́wọ́, tàbí kí ó dá èésú pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Lónìí, àga kan, agboòrùn kan àti ẹ̀rọ kékeré kan tí ọwọ́ ká ti tó láti sọ ẹ̀bá ọ̀nà di ibi tí a ti ń gba owó, tí a sì ti ń fi owó ránṣẹ́. POS ni gbogbo ènìyàn ń pe ẹ̀rọ náà. Ẹni tí ó ń fi í ṣòwò ni oní-POS.

Bí oní-POS bá sọ fún oníbàárà pé òun kò lè san ju iye kan lọ fún un ní ọjọ́ kan, ìdí tí ó máa ń sọ ni pé ìjọba ti ṣòfin. Nígbà tí wọ́n ń yọ àádọ́ta náírà nínú owó tí a fi ránṣẹ́ sí ẹni tí ń ta gààrí, ìjọba ti ṣòfin náà ni wọ́n wí. Nígbà tí owó bébà wọ́n bí ojú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, ọ̀rọ̀ kan náà ni ó wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta wọ̀nyí kò jọ ara wọn. Ọ̀kan jẹ́ òfin tí àwọn aṣòfin ṣe. Ìkejì jẹ́ ìwé tí Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà kọ sí àwọn báǹkì. Ìkẹta jẹ́ ìpinnu tí Báǹkì Àpapọ̀ ṣe pẹ̀lú ìfọwọ́sí Ààrẹ, tí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sì dá dúró lẹ́yìn náà.

Àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ ṣàlàyé bí irú àwọn nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe ń mú kí oníṣòwò kékeré gba ẹ̀rọ tuntun mọ́ra, tàbí kí ó sá fún un. Ó sì fẹ́ dábàá àwọn ọ̀rọ̀-ìperí tí yóò jẹ́ kí a lè ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Ẹni tí ó bá ń pe ohun gbogbo ní òfin kò ní mọ èyí tí ó ṣeé yí padà, bẹ́ẹ̀ ni kò ní mọ ẹni tí òun lè tọ̀ lọ láti yí i padà.

1. Ẹ̀rọ onínọ́ńbà àti ìgbàmúlò

Ẹ̀rọ onínọ́ńbà ni ẹ̀rọ tí ń sọ ohun gbogbo tí a bá fi sínú rẹ̀ di òǹkà, ìbáà ṣe ohùn, àwòrán tàbí iye owó, tí ó sì ń fi àmì méjì péré, òdo àti ení, kọ òǹkà náà sílẹ̀. Àwọn kan ń lo ọ̀rọ̀ àyálò "dígítà". Kò burú, ṣùgbọ́n "nọ́ńbà" ti di ọmọ ilé nínú èdè Yorùbá tipẹ́tipẹ́, ó sì ń sọ ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe gan-an.

Ó yẹ kí a mọ bí POS ṣe ń ṣiṣẹ́ kí ọ̀rọ̀ tí ó kù tó lè yéni. Nígbà tí oníbàárà bá ki káàdì rẹ̀ bọ ẹ̀rọ tí ó sì tẹ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀, ẹ̀rọ náà yóò gba orí ìlà tẹlifóònù béèrè lọ́wọ́ báǹkì oníbàárà bóyá owó wà níbẹ̀. Bí ìdáhùn bá dára, báǹkì yóò yọ owó náà, ilé-iṣẹ́ tí ó ni ẹ̀rọ yóò sì kọ ọ́ sí àkáǹtì oní-POS. Lẹ́yìn èyí ni oní-POS yóò ka owó bébà láti inú àpò ara rẹ̀ fún oníbàárà. Owó bébà ni ọjà tí oní-POS ń tà; owó inú àkáǹtì ni wọ́n fi ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, ìlànà tí ó bá kan owó bébà kan òwò rẹ̀ tààrà, bí ìgbà tí ọ̀wọ́n iṣu bá kan ẹni tí ń gún iyán tà.

Ìgbàmúlò yàtọ̀ sí ìmọ̀, ó sì yàtọ̀ sí ìní. Ènìyàn lè mọ̀ pé ẹ̀rọ kan wà, kí ó má ní in. Ó lè ní in, kí ó gbé e sínú àpótí. Ìgbàmúlò ni kí ènìyàn gba ohun tuntun kan, kí ó sì máa lò ó déédéé nínú iṣẹ́ rẹ̀, nígbà tí ọ̀nà mìíràn ṣì wà tí ó lè gbà. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn rárá, ìlò tipátipá ni ó yẹ kí a pè é. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì, gẹ́gẹ́ bí ìpín 3 yóò ti fi hàn.

2. Òfin, ìlànà, ìwé ìpàṣẹ àti ìwé-àṣẹ

Kì í ṣe ohun àjèjì fún Yorùbá pé kí a fi ìlànà de òwò. Ọjà ní ọjọ́ tí a ń ná an. Ó ní ìsọ̀ aláṣọ àti ìsọ̀ eléèlùbọ́. Ó ní ìyálọ́jà tí ń parí ìjà. Kóńgò tí a fi ń wọn gààrí pàápàá jẹ́ ìlànà: nítorí pé gbogbo ènìyàn gbà á bí òṣùwọ̀n ni àlejò ṣe lè rà lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí. Àwọn baba ńlá wa kò sì pe ohun gbogbo ní òfin. Wọ́n ya òfin sọ́tọ̀ kúrò lára èèwọ̀, wọ́n ya àṣẹ sọ́tọ̀ kúrò lára àdéhùn. Irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí a ṣe fún òwò òde òní.

Òfin ni èyí tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin bá ṣe, tí Ààrẹ tàbí Gómìnà sì fọwọ́ sí. Irú rẹ̀ ni Òfin Báǹkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007, tí ó fún báǹkì náà ní agbára lórí owó orílẹ̀-èdè. Irú rẹ̀ náà ni òfin ọdún 2020 lórí ìforúkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́, tí ó jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo lè dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn aṣòfin nìkan ni ó lè yí òfin padà. Ilé-ẹjọ́ sì lè sọ pé ó tako Òfin-Ìpìlẹ̀.

Ìlànà ni àkójọ ètò tí àjọ ìjọba kan gbé kalẹ̀ lábẹ́ agbára tí òfin fún un. Báyìí ni Báǹkì Àpapọ̀ ṣe gbé ìlànà kalẹ̀ ní ọdún 2013 fún iṣẹ́ aṣojú báǹkì, èyí tí oní-POS jẹ́. Àjọ tí ó ṣe é lè tún un ṣe láìpadà sọ́dọ̀ aṣòfin.

Ìwé ìpàṣẹ ni lẹ́tà tí àjọ náà kọ sí àwọn tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n ṣe ohun kan tàbí kí wọ́n jáwọ́ nínú rẹ̀. Ó lè jẹ́ ojú-ìwé kan tàbí méjì. Ó lè dé ní àárọ̀, kí ó sì ti di dandan kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ìwé-àṣẹ ni ìyọ̀ǹda tí a fún ilé-iṣẹ́ kan láti ṣe irú òwò kan. Ẹni tí kò bá ní in kò gbọdọ̀ ṣe é, bí ó ti wù kí ẹ̀rọ rẹ̀ dára tó.

3. Iṣẹ́ mẹ́ta tí ìlànà ń ṣe

Bí a bá wo ohun tí ìlànà ń ṣe sí oníṣòwò kékeré, irú mẹ́ta ni a ó rí.

*3.1 Ìlànà aṣílẹ̀kùn.* Èyí ni ìlànà tí ó jẹ́ kí ohun tí kò ṣeé ṣe tẹ́lẹ̀ di ohun tí ó ṣeé ṣe. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2013, Báǹkì Àpapọ̀ pín ètò ìdánimọ̀ oníbàárà sí ìpele mẹ́ta. Ẹni tí ó wà ní ìpele kìíní kò nílò ìwé púpọ̀ láti ṣí àkáǹtì, ṣùgbọ́n iye owó tí ó lè gbà tàbí tí ó lè fi pa mọ́ kò gbọdọ̀ pọ̀. Kí èyí tó dé, ẹni tí kò ní ìwé-owó iná mànàmáná tàbí ìwé ìrìnnà kò lè ṣí àkáǹtì bọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ìyá tí ń ta gààrí kò sì ní ọ̀kankan nínú rẹ̀. Ìlànà aṣojú báǹkì tí ó dé ní ọdún kan náà tún jẹ́ kí ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ báǹkì lè dúró ní ipò báǹkì ní ìlú tí báǹkì kò kọ́lé sí. Láìsí ìlànà yìí, oní-POS ìbá máa ṣe iṣẹ́ tí kò tọ́ sí i.

Ilẹ̀kùn kan náà kò ṣí ní ọ̀nà kan náà níbi gbogbo. Ní Kẹ́ńyà, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù Safaricom bẹ̀rẹ̀ M-Pesa ní oṣù Kẹta ọdún 2007, nítorí pé báǹkì àpapọ̀ ibẹ̀ kò dí i lọ́wọ́. Ọdún 2011 ni òfin tí ó bójú tó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tó wáyé. Ní Nàìjíríà, ìlànà ọdún 2009 kò fún ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù láyè láti ṣe olórí iṣẹ́ náà. Ìlànà báǹkì ìsanwó, tí ó dé ní ọdún 2018, ni ó ṣí ọ̀nà fún wọn, ìwé-àṣẹ ìkẹyìn kò sì tẹ MTN àti Airtel lọ́wọ́ títí di ọdún 2022. Tẹlifóònù tí ó wà lọ́wọ́ ará Kẹ́ńyà kò dára ju ti ará Ìyárà lọ. Ìlànà ni ó yàtọ̀. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ POS àti ẹni tí ń fi í ṣòwò fi gbòde ní Nàìjíríà, nígbà tí ó jẹ́ pé tẹlifóònù ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà ní Kẹ́ńyà.

*3.2 Ìlànà afipámúni.* Èyí ni ìlànà tí ó ti ọ̀nà àtijọ́ pa, tí ó sì fi ọ̀nà tuntun nìkan sílẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, Báǹkì Àpapọ̀ kéde pé òun yóò pààrọ̀ igba náírà, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà àti ẹgbẹ̀rún kan náírà. Ọjọ́ 31 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023 ni wọ́n dá pé ti àtijọ́ yóò kú; wọ́n sún un sí ọjọ́ 10 oṣù Kejì. Owó tuntun kò tó. Iye owó bébà tí ó wà ní ìta jẹ́ nǹkan bí tírílíọ̀nù náírà 3.3 ní oṣù Kẹwàá 2022; nígbà tí ó fi di oṣù Kejì 2023, kò pé tírílíọ̀nù kan mọ́. Ẹni tí ń ta ata ní ọjà ní láti gba owó sínú àkáǹtì tàbí kí ata rẹ̀ rà. Oní-POS tí ó rí owó bébà díẹ̀ gbé owó iṣẹ́ rẹ̀ ga gan-an, nítorí pé ọjà tí ó wọ́n ni ó ń tà.

Bí a bá wo òǹkà nìkan, a lè sọ pé ìfipámúni náà ṣiṣẹ́. Iye owó tí a fi ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀ láti báǹkì kan sí òmíràn jẹ́ nǹkan bí tírílíọ̀nù náírà 387 ní ọdún 2022. Ó di nǹkan bí 600 ní ọdún 2023. Lóòótọ́, ọ̀wọ́n ọjà wà nínú ìbísí yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan. Síbẹ̀, nígbà tí oṣù Kejìlá ọdún 2023 fi dé, owó bébà tí ó wà ní ìta ti padà dé tírílíọ̀nù 3.6, ó ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Àwọn ènìyàn di èyí tí wọ́n kọ́ mú, ṣùgbọ́n wọ́n tún padà sí èyí tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé. Ìlò tipátipá lè kọ́ni ní ohun tuntun. Kò lè fúnni ní ìgbẹ́kẹ̀lé. Ẹni tí alẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò wọlé fún ọjọ́ mẹ́ta nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì dákú ní 2023 kò ní gbàgbé.

*3.3 Ìlànà akóniníjàánu.* Ìjánu kì í pa ẹṣin. Ó ń dá a dúró kí ó má baà já sínú kòtò. Bẹ́ẹ̀ ni ìlànà yìí ń fi òdiwọ̀n sí ohun tí a ti yọ̀ǹda. Ìwé ìpàṣẹ ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 2024 sọ pé oníbàárà kan kò gbọdọ̀ gba ju ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún náírà lọ lọ́wọ́ aṣojú báǹkì ní ọjọ́ kan, àti pé aṣojú kan kò gbọdọ̀ san ju mílíọ̀nù kan àti igba ẹgbẹ̀rún lọ lápapọ̀. Ìwé ìpàṣẹ oṣù Kẹjọ ọdún 2025 ní kí a so ẹ̀rọ POS kọ̀ọ̀kan mọ́ ibi tí a ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí ó má sì ṣiṣẹ́ bí ó bá jìnnà ju mítà mẹ́wàá lọ sí ibẹ̀. Ìlànà tuntun ti oṣù Kẹwàá ọdún 2025 sì ní kí aṣojú máa ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo, ó sì dá ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin ọdún 2026 fún ìbẹ̀rẹ̀ apá yìí.

Ìdí wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí olè bá fi káàdì ẹlẹ́ni gba owó, ó dára kí a mọ ibi tí ẹ̀rọ náà wà. Ṣùgbọ́n ìjánu tí a ṣe fún ẹṣin ìlú ńlá lè fún ẹṣin abúlé lọ́rùn. Ní ilẹ̀ tí ọjà ti ń yí láti ìlú dé ìlú, oní-POS tí ó bá ń gbé ẹ̀rọ rẹ̀ tẹ̀lé ọjà kò lè dúró sójú kan láàrin mítà mẹ́wàá. Ẹni tí ó ní ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ méjì, tí ó máa ń yí sí ọ̀kan bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì èkejì bá lọ, yóò di ẹni tí ń jókòó ti ẹ̀rọ tí ó kú. Ní ìlú ńlá, oníbàárà lè ré títì kọjá lọ bá oní-POS mìíràn. Ní abúlé, ó lè ní láti wọ ọkọ̀.

4. Ìnáwó ìpòfinmọ́

Ìpòfinmọ́ ni kí ènìyàn ṣe ohun tí òfin, ìlànà tàbí ìwé ìpàṣẹ béèrè. Ìnáwó ìpòfinmọ́ ni owó, àkókò àti wàhálà tí èyí ń ná an. Ohun tí ó yẹ kí a kíyèsí ni pé ìnáwó yìí kì í bá ọlọ́rọ̀ àti aláìní dọ́gba, bí òfin tilẹ̀ dọ́gba fún wọn.

Ẹ jẹ́ kí a mú òfin ètò ìnáwó ti ọdún 2020, tí ó fi àádọ́ta náírà lé owó tí a bá fi ránṣẹ́ tí ó bá tó ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà tàbí tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lára ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, àádọ́ta jẹ́ ìdajì náírà nínú ọgọ́rùn-ún. Lára mílíọ̀nù kan, kò tó kọ́bọ̀ kan nínú ọgọ́rùn-ún náírà. Ká ní ẹni tí ń ta gààrí ń jèrè ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà lórí ọjà ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, ìdámẹ́wàá èrè rẹ̀ ni ó bá àádọ́ta náírà lọ. Ẹni tí owó wọlé fún ni ó sì ń san án nígbà náà, ìyẹn ẹni tí ó tajà. Ìtajà tí ó tó ẹgbẹ̀rún méjìlá a di ẹgbẹ̀rún mẹ́fà lọ́nà méjì, kí ó má baà kan ìlà ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Láti ọjọ́ kìíní ọdún 2026 ni òfin owó-orí tuntun, tí a ṣe ní ọdún 2025, ti gbé ẹrù náà kúrò lórí olùgbà, tí ó sì gbé e ka orí ẹni tí ń fi owó ránṣẹ́. Iye owó kò yí padà. Ẹni tí ń san án ni ó yí padà. Ìyípadà bẹ́ẹ̀ tó láti jẹ́ kí ẹni tí ń tajà fẹ́ràn owó inú àkáǹtì, kí ẹni tí ń rajà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá owó bébà.

Ìforúkọsílẹ̀ jẹ́ àpẹẹrẹ mìíràn. Ní ọdún 2024, àjọ CAC ní kí gbogbo oní-POS forúkọ òwò wọn sílẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ dá ọjọ́ 7 oṣù Keje, wọ́n sì sún un sí ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án. Ilé-iṣẹ́ ńlá ní agbẹjọ́rò tí yóò ṣe é. Ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó ń ṣe POS lẹ́bàá ọ̀nà ní láti wá owó, káàdì ìdánimọ̀ àti dátà, kí ó sì kọ ìdáhùn sí ìbéèrè tí a fi èdè Gẹ̀ẹ́sì bi í. Bí kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì yékéyéké, yóò san owó fún ẹlòmíràn láti bá a kọ ọ́. Èdè tí a fi kọ ìlànà jẹ́ ara ìnáwó ìpòfinmọ́.

5. Ìkádìí

Kò sí ọjà tí kò ní ìyálọ́jà, kò sì sí òwò onínọ́ńbà tí ó lè pẹ́ láìsí ìlànà. Láìsí ìlànà, alẹ́ẹ̀tì ayédèrú yóò gba ọjà lọ́wọ́ ẹni tí ń tà á, kò sì ní sí ẹni tí yóò fi ẹjọ́ sùn. Ohun tí a ti rí ni pé ìlànà aṣílẹ̀kùn ni ó ń bí ìgbàmúlò. Ti afipámúni ń bí ìlò tipátipá, tí ó lè di ìgbàmúlò bí ìgbẹ́kẹ̀lé bá tẹ̀lé e. Ti akóniníjàánu ń dáàbò bo ìgbàmúlò, bí kò bá fún un lọ́rùn.

Ìtàn owó bébà ti ọdún 2023 fi ìwúlò ìyàsọ́tọ̀ yìí hàn. Nígbà tí ará ọjà ń sọ pé ìjọba ti ṣòfin, tí wọ́n sì ń fi ọwọ́ lẹ́rán, ìpínlẹ̀ mẹ́ta, Kàdúná, Sàmfárà àti Kogí tí Ìyárà wà nínú rẹ̀, rí i pé kì í ṣe òfin tí aṣòfin ṣe, bí kò ṣe ìpinnu àwọn aláṣẹ. Wọ́n gbé e lọ sí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní oṣù Kejì. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún 2023, ilé-ẹjọ́ dájọ́ pé ọ̀nà tí a gbà gbé e kalẹ̀ kò tọ́, àti pé kí a máa ná owó àtijọ́ títí di ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá. Àwọn tí ó mọ orúkọ ohun tí ó ń dà wọ́n láàmú ni ó mọ ilẹ̀kùn tí wọn yóò kàn. Ó yẹ kí ẹni tí ń ta gààrí náà ní orúkọ yẹn lẹ́nu, ní èdè tí ó fi ń ná ọjà.

Àkójọ ọ̀rọ̀-ìperí tí a dábàá

*Ẹ̀rọ onínọ́ńbà:* ẹ̀rọ tí ń sọ ohun gbogbo di òǹkà òdo àti ení.

*Ìgbàmúlò:* gbígba ohun tuntun àti lílò ó déédéé, nígbà tí ọ̀nà mìíràn ṣì wà.

*Ìlò tipátipá:* lílo ohun tuntun nítorí pé kò sí ọ̀nà mìíràn.

*Òfin:* èyí tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe.

*Ìlànà:* ètò tí àjọ ìjọba gbé kalẹ̀ lábẹ́ òfin.

*Ìwé ìpàṣẹ:* lẹ́tà àjọ ìjọba tí ó sọ ohun kan di dandan.

*Ìwé-àṣẹ:* ìyọ̀ǹda láti ṣe irú òwò kan.

*Ìlànà aṣílẹ̀kùn, afipámúni, akóniníjàánu:* èyí tí ń yọ̀ǹda, èyí tí ń fi dandan múni, èyí tí ń fi òdiwọ̀n síni.

*Òdiwọ̀n:* iye tí a kò gbọdọ̀ kọjá.

*Aṣojú báǹkì:* ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ báǹkì láìjẹ́ òṣìṣẹ́ báǹkì. Oní-POS ni lẹ́nu ará ọjà.

*Ìnáwó ìpòfinmọ́:* owó, àkókò àti wàhálà tí pípa òfin mọ́ ń náni.